Mo Kí Ayé, Ayé Ò Dáhùn

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6 Oṣù Kẹjọ

Èsì ti jáde. Kí n tó ka máàkì mi tán lórí fóònù, Màmá ti yọrí lójú fèrèsé, ó ti fi ahọ́n ké igbe ayọ̀, àwọn obìnrin òdìkejì òpópónà sì ti gbà á lẹ́nu rẹ̀. Bàbá pa ẹ̀rọ ìlagi nínú ṣọ́ọ̀bù kápẹ́ńtà rẹ̀ nísàlẹ̀, ó gòkè wá pẹ̀lú ìyẹ̀fun igi ní irùngbọ̀n, ó dì mọ́ mi. Lẹ́yìn náà ó rán mi lọ ra míṣábíkì, ìpápánu olóyin ìlú wa. Mo ti jẹ nínú rẹ̀ kí n tó délé, oyin rẹ̀ sì kán sí mi láṣọ.

Máàkì náà tó kọ́lẹ́ẹ̀jì kọ̀ǹpútà ti ìjọba ní Mansúrà. Kò lé, kò dín. Bọ̀ọ̀dá Hámdì, ẹ̀gbọ́n Màmá tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba, pè láti kí wa kú oríire. Ó ní, "Mansúrà, ó tán. Kí ló tún kù?" Mo ní, "Ẹ ṣé, sà." Ohun tó kù ni pé n kò mọ̀ bóyá mo fẹ́ lọ.

Ọjọ́bọ̀, 8 Oṣù Kẹjọ

Mo lọ bá Wáìlì, ọmọ ẹ̀gbọ́n Bàbá, nínú yàrá rẹ̀. Ibẹ̀ nìkan ló tutù ní gbogbo Dàmíẹ́tà, ìlú wa, lóṣù yìí. Orí ibùsùn ló ti ń kọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà fún àwọn ará Yúróòpù tí kò rí sójú rí. Fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ.

"Ọdún mẹ́rin?" ó ní. "Àbúrò, ohun tí wọ́n máa fi ọdún mẹ́rin kọ́ ẹ, wàá mọ̀ ọ́n láàárín oṣù mẹ́fà lórí bẹ́ẹ̀dì ẹ. Ṣó o mọ̀ pé bébà ni wọ́n fi ń ṣèdánwò níbẹ̀?"

"Bébà báwo?"

"Bébà àti bíírò. Wàá kọ àṣẹ kọ̀ǹpútà sórí bébà, olùkọ́ á wá jókòó, á máa fi ojú ara ẹ̀ ṣe kọ̀ǹpútà. Tó o bá gbàgbé àmì kan, ó gé máàkì."

Mo rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn mí. Nígbà tí mo dé orí afárá, ẹ̀rín náà ti tán. Ta ló máa fi ọdún mẹ́rin ayé rẹ̀ kọ àṣẹ sí bébà tí kò lè gbọ́ràn?

Ó ní nínú àwọn èdè tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, kí n fi Páítọ̀nì bẹ̀rẹ̀, kí n má yà sọ́tùn-ún, kí n má yà sósì.

Ọjọ́ Ẹtì, 9 Oṣù Kẹjọ

Ẹ̀kọ́ kìíní ni pé kí ènìyàn mú kí ẹ̀rọ kí ayé. Ìlà kan ṣoṣo ni. Mo kọ ọ́, mo tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ sì kọ ọ́ jáde pé: Ẹ ǹlẹ́ o, ayé. Mo pe Màmá kó wá wò ó. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ nù, ó wo ojú kọ̀ǹpútà pẹ́.

"Ta ló ń kí?"

"Ayé, Màmá."

"Kí ni ayé wí?"

"Ayé ò wí nǹkan kan. Ẹ̀kọ́ kìíní nìyẹn."

"Ó dáa. Kọ́ ọ kó mọ bí wọ́n ṣe ń kí Bọ̀ọ̀dá ẹ Hámdì. Ó ní o ò kí òun dáadáa lórí fóònù."

Ọjọ́ Ajé, 12 Oṣù Kẹjọ

Ọkùnrin onírùngbọ̀n kan lórí fídíò ní ẹni tó bá fi Páítọ̀nì bẹ̀rẹ̀ ń tan ara rẹ̀ jẹ. Síì ni ìpìlẹ̀, gbogbo èdè yòókù, ọmọ rẹ̀ ni wọ́n. Ó pariwo débi pé mo gbà á gbọ́. Mo ti pa Páítọ̀nì tì. Mo fi Síì kí ayé. Ohun tí mo fi ìlà kan sọ lọ́jọ́ Ẹtì, ìlà bíi mélòó kan ló gbà mí báyìí. Bóyá bí ìmọ̀ tòótọ́ ṣe máa ń rí nìyẹn.

Ooru òkun dà bò wá bíi bùláńkẹ́ẹ̀tì tó rin gbingbin. Gọ́ọ̀mù kò gbẹ lára pákó. Bàbá ń bínú sí gbogbo ènìyàn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 17 Oṣù Kẹjọ

Ẹgbẹ́ kan wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí àwọn tó ń dá kọ́ ara wọn pọ̀ sí. Mo béèrè níbẹ̀ èdè tí mo lè kọ́. Ó lé ní ogójì ènìyàn tó dáhùn, wọ́n sì ń bú ara wọn títí di ìsinsìnyí. Ẹni tó bú àwọn tó kù jù ló sọ pé Jáfà. Mo fi Jáfà kí ayé. N kò tíì fi í pamọ́ tí wọ́n fi mú iná lọ, bátìrì kọ̀ǹpútà mi sì ti kú láti ọdún tó kọjá. Ìkíni náà bá iná lọ.

Ọjọ́ Àìkú, 18 Oṣù Kẹjọ

Mo tún un kọ. Ayé ò dáhùn.

Ọjọ́ Ẹtì, 23 Oṣù Kẹjọ

Bọ̀ọ̀dá Hámdì wá jẹun ọ̀sán lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, Wáìlì náà sì wá. Màmá se pẹ́pẹ́yẹ, ó fi àlùbọ́sà kún inú rẹ̀. Ẹran náà kò tíì kan ilẹ̀ tí Bọ̀ọ̀dá Hámdì fi kọjú sí mi.

"Wọ́n ní o fẹ́ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ fóònù."

"Kọ̀ǹpútà ni, sà."

"Ṣé kọ̀ǹpútà á fún ẹ ní ìwé ẹ̀rí? Lọ́jọ́ tó o bá lọ tọrọ ọmọ lọ́wọ́ bàbá ẹ̀, tó ní kí lo kà, fídíò lo máa fi hàn án?"

Wáìlì gbé egungun sílẹ̀. "Ẹ má bínú, Bọ̀ọ̀dá. Àwọn tó gbà mí síṣẹ́ ò bi mí léèrè ìwé ẹ̀rí rí."

"Ṣé ìwọ ò ní ni? Ẹ̀kọ́ ìṣòwò lo kà. Ọdún mẹ́rin gbáko."

"Mo ní."

"Ibo ló wà?"

"Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì."

"Àwọn tó ní i lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló máa ń sọ pé kò wúlò," Bọ̀ọ̀dá Hámdì ní, ó sì mú itan pẹ́pẹ́yẹ.

Bàbá ní kí wọ́n jẹ́ kí n jẹun. Ó ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà. "Àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ń sá wọ yunifásítì torí sójà. Kí ni tiẹ̀ ń sá fún? Ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí mo ní nìyí, òfin ò jẹ́ kí wọ́n mú un. Ó lè wà níbí, kó bá mi gé pákó láàárọ̀, kó máa tẹ kọ̀ǹpútà ẹ̀ nírọ̀lẹ́."

Òótọ́ ni. Lára gbogbo àwọn tí a jọ jókòó ní kíláàsì, èmi nìkan ni ọ̀rọ̀ sójà, tí òfin fi di dandan fún ọmọkùnrin, kò kàn. Àwọn yòókù ò ní àṣàyàn: ẹni tí kò bá ní ìwé yunifásítì, ọdún méjì ló máa lò nínú aṣálẹ̀, ẹni tó bá ní i, ọdún kan. Èmi lè kọ́ṣẹ́ bó ṣe wù mí, níbi tó wù mí. Òmìnira tí mo ní yìí gan-an ló ń dà mí láàmú.

Bọ̀ọ̀dá Hámdì ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù tó ń bọ̀ ni Mansúrà máa gba ìwé ìgbẹ̀yìn. Màmá kò fẹnu kan pẹ́pẹ́yẹ tó fọwọ́ ara rẹ̀ sè. Ó ní òórùn rẹ̀ ń yọ òun lẹ́nu.

Ọjọ́ Ajé, 26 Oṣù Kẹjọ

Mo ti pinnu. N kò lọ sí Mansúrà. N óò kọ́ ọ fúnra mi. Mo sọ fún Bàbá nísàlẹ̀, ó ń súfèé títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo sọ fún Màmá lókè, ó ní, "Ó dáa," ó sì pa ilẹ̀kùn ilé ìdáná dé.

Ọjọ́bọ̀, 29 Oṣù Kẹjọ

Mo padà sí Páítọ̀nì, mo sì kọ nǹkan gidi àkọ́kọ́. O máa sọ gíga, fífẹ̀ àti jíjìn kọ́bọ́ọ̀dù fún un, á sọ iye pákó tí Bàbá máa rà. Inú mi dùn débi pé mo gbé kọ̀ǹpútà sọ̀kalẹ̀ wọ inú ìyẹ̀fun igi. Bàbá wò ó, ó fi ìka ka nǹkan lójú òfuurufú.

"Ilẹ̀kùn dà?"

"Ilẹ̀kùn wo?"

"Ti kọ́bọ́ọ̀dù. Àbí ọjà la fẹ́ pàtẹ sínú ẹ̀?"

Mo gbàgbé ilẹ̀kùn. Ọmọ kápẹ́ńtà, ọmọ ọmọ kápẹ́ńtà. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ́rìn-ín mi títí wọ́n fi ti ṣọ́ọ̀bù. Nírọ̀lẹ́ mo rí fídíò kan tó ní Páítọ̀nì kò dára fún irú iṣẹ́ yìí, pé èdè tí wọ́n fi ń ṣe ojú ewé íńtánẹ́ẹ̀tì ló yẹ ẹ́. Mo fi èyí náà kí ayé. Ó di mẹ́rin.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 31 Oṣù Kẹjọ

Ó yẹ kí n kọ èyí létòlétò, ṣùgbọ́n orí mi ń fò.

Màmá dákú lórí àtẹ̀gùn láàárọ̀. Gbogbo wa rò pé ooru ni, òun rò pé ọjọ́ orí ni. Nìsírín, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá ọkọ rẹ̀, ó gbé e lọ rí dókítà. Nígbà tí wọ́n dé, Màmá wọ yàrá tààrà, ó ti ilẹ̀kùn. Nìsírín dúró láàárín pálọ̀ pẹ̀lú ọwọ́ lẹ́nu.

"Kí ló ṣe é?" mo ní. "Sọ̀rọ̀."

"Ìyá ẹ lóyún."

"Ìyá ta?"

"Ìyá tèmi tìẹ. Ó ti wọ oṣù karùn-ún."

Màmá ti lé ní ogójì ọdún. Ó ti ní ọmọ-ọmọ. Mo sọ̀kalẹ̀ lọ sọ fún Bàbá nítorí kò sí ẹlòmíràn tó fẹ́ sọ ọ́. Ó jókòó sórí pákó, ó fi ọwọ́ méjèèjì bojú. Mo rò pé ó ń sunkún, àfi ìgbà tí mo rí i pé èjìká rẹ̀ ń mì tẹ̀rín-tẹ̀rín. Nígbà tó rí mi, ó tún ojú ṣe, ó ní kí n lọ gba ìṣó wá.

Ọjọ́ Àìkú, 1 Oṣù Kẹsàn-án

Àdúgbò ti gbọ́. Màmá ní ojú ń ti òun, òun kò ní í jáde mọ́ títí yóò fi bí i. Àwọn aládùúgbò ní bí kò bá jáde, àwọn yóò wọlé. Gbogbo wọn ló ń gbàdúrà kan náà: "Ìyá Ṣíhábù, Ọlọ́run á fi ọkùnrin ṣe é o. Ṣíhábù á ní arákùnrin tó máa dúró tì í." Màmá ń ṣe àmín, kò gbójú sókè.

Ọjọ́ Ajé, 2 Oṣù Kẹsàn-án

Bọ̀ọ̀dá Hámdì dé pẹ̀lú àpò ọsàn. Ó kí Bàbá kú oríire, ó pa á lẹ́rìn-ín, ó mu tíì. Ìgbà tó gbé kọ́ọ̀pù sílẹ̀ ló wá bi wá, bí ẹni tó ń béèrè aago.

"Bó bá jẹ́ ọkùnrin ńkọ́?"

Fáànù òkè ń dún. Bàbá wo Màmá, Màmá wo mi, èmi ń wo ọsàn. Kò sí ẹni tó ti rò ó kan ibẹ̀ nínú wa. Ìwé ìdásílẹ̀ ọmọkùnrin kan ṣoṣo, fún ìgbà díẹ̀ ni. Lọ́jọ́ tí arákùnrin bá dé, ó parí.

Bọ̀ọ̀dá Hámdì ní, "Mi ò gbàdúrà ibi o. Ẹ̀rù ọmọ yín ló ń bà mí. Ẹni tó bá wà ní yunifásítì, wọ́n á dúró dè é. Ẹni tó bá wà lórí bẹ́ẹ̀dì, wọn ò ní dúró."

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Gbogbo ìdí tí mo kó jọ fún kíkọ́ ara mi, bébà àti bíírò, ọdún mẹ́rin, òmìnira, orí ọ̀rọ̀ kan ni gbogbo rẹ̀ dúró lé, pé n kò ní arákùnrin.

Ọjọ́bọ̀, 5 Oṣù Kẹsàn-án

Nínú ilé wa báyìí, àdúrà ti dojú rú. Àwọn aládùúgbò ń tọrọ ọkùnrin. Màmá ń ṣe àmín fún wọn, lẹ́yìn náà ó lọ sórí ẹní, mo sì gbọ́ ọ kedere: "Olúwa, obìnrin ni o. Obìnrin." Nìsírín náà ń tọrọ obìnrin, ṣùgbọ́n torí aṣọ ọmọ rẹ̀ tó ti kéré ni. Bàbá kò sọ èyí tó fẹ́. Kò súfèé mọ́.

Èmi ńkọ́? Bí mo bá tọrọ obìnrin, torí ara mi ni, ojú sì ń tì mí. Bí mo bá tọrọ ọkùnrin, mo ń tọrọ aṣálẹ̀. Nígbà tí ó rẹ̀ mí, mo tọrọ pé kí iná má lọ.

Dókítà ní kí wọ́n padà wá fún síkáànù lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, pé ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ọmọ náà kọ ẹ̀yìn sí òun, òun kò rí bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Mo ṣírò rẹ̀. Èsì síkáànù yóò jáde ṣáájú kí Mansúrà tó tì. Ó tán nìyẹn. Bó bá jẹ́ ọkùnrin, mo lọ. Bó bá jẹ́ obìnrin, mo dúró. Ara mi balẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ èsì.

Ọjọ́ Àìkú, 8 Oṣù Kẹsàn-án

Mo fi ilẹ̀kùn sí kọ́bọ́ọ̀dù. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n pákó tó ń bèèrè báyìí pọ̀ jù. Bàbá ní kọ́bọ́ọ̀dù kan kò lè jẹ igi tó bẹ́ẹ̀ àfi bí wọ́n bá ń fi sin òkú ọba. Mo ka gbogbo ìlà rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, n kò rí àṣìṣe. Mo ronú pé bóyá kí n lọ gbìyànjú èdè mìíràn. Mo gbìyànjú. Mo kí ayé. Márùn-ún.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10 Oṣù Kẹsàn-án

Bàbá ń gbẹ́ nǹkan kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, igi ọ̀wọ́n tó máa ń tọ́jú fún bẹ́ẹ̀dì ìyàwó. Ó kéré, ó sì tẹ̀ kọrọdọ ní ìsàlẹ̀, bí ohun tí wọ́n máa ń mì.

"Ta ló ni í, Bàbá?"

"Oníbàárà."

"Oníbàárà wo?"

"Kò tíì dé."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14 Oṣù Kẹsàn-án

Síkáànù lónìí. Mo dúró dè wọ́n lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó ń retí èsì ìdánwò lẹ́ẹ̀kejì. Nìsírín ló kọ́kọ́ wọlé. Ó wò mí, ó wo ilẹ̀. Màmá wọlé tẹ̀lé e, ó tú ìborùn rẹ̀, ó jókòó, ó gbé ẹsẹ̀ lé orí ìjókòó.

"Kí ni, Màmá?"

"Ọmọ ni."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Ọkùnrin àbí obìnrin?"

"Mi ò mọ̀. Mo ní kí dókítà pa ẹnu ẹ̀ mọ́."

Mo rò pé àwàdà ni. Mo yíjú sí Nìsírín. Nìsírín ní òun rí i o, ṣùgbọ́n Màmá ti mú òun búra. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bínú, mo sì sọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí n sọ. Mo ní kí ló dé tí wọ́n fi ń fi ayé mi ṣeré, pé wọ́n mọ̀ pé ìyẹn ni mo ń dúró dè.

Màmá kò pariwo. Ó fi ọwọ́ lé ikùn rẹ̀.

"Mo mọ̀ pé òun lò ń dúró dè. Ìdí tí mo fi dí etí nìyẹn. O bi Wáìlì, Wáìlì ní dúró. O bi Hámdì, Hámdì ní lọ. O bi bàbá ẹ, o bi ọkùnrin onírùngbọ̀n inú fídíò, o bi ogójì èèyàn tó ń bú ara wọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó wá ku ẹni tí kò tíì ní ahọ́n, o fẹ́ kó yàn fún ẹ. Mi ò ní gbà. Ọmọ yìí ò ní wá sáyé kí wọ́n máa sọ fún un pé òun ló rán ẹ̀gbọ́n ẹ̀ lọ sí Mansúrà, tàbí òun ló dá a dúró."

"Bó bá jẹ́ ọkùnrin, tí wọ́n sì mú mi sójà ńkọ́?"

"Á dùn mí. Màá sunkún. Ṣùgbọ́n mi ò ní yàn fún ẹ."

Mo wọ yàrá mi, mo sunkún tèmi ṣáájú. Ó bí mi nínú pé òótọ́ ló sọ.

Ọjọ́ Àìkú, 15 Oṣù Kẹsàn-án

Mo ra míṣábíkì fún Nìsírín kí ẹnu rẹ̀ lè rọ̀. Ó jẹ ẹ́ tán, ó lá ìka, ó ní, "Ó dùn. Mo búra."

Ọjọ́ Ajé, 16 Oṣù Kẹsàn-án

N kò lọ sí ibì kankan. N kò wo fídíò. Mo jókòó ti kọ́bọ́ọ̀dù mi, mo ń wá pákó tó pọ̀ jù. N kò rí i. Ìgbà tí ó bá le báyìí ni mo máa ń sá lọ sí èdè mìíràn. Mo mọ ìyẹn lónìí. Láti oṣù kẹjọ títí di ìsinsìnyí, èmi kò kọ́ èdè márùn-ún, ọjọ́ kìíní ni mo kọ́ lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ẹni tó lé eku méjì á pòfo, ká má tíì sọ márùn-ún. Ṣé ẹni tó ń sá báyìí lè dá kọ́ ara rẹ̀? Ṣùgbọ́n ṣé yunifásítì ni wọ́n fi ń so ẹsẹ̀ ẹni tó ń sá? Wáìlì kò sá. Bóyá torí kò sá ló fi rí i ṣe, kì í ṣe torí bẹ́ẹ̀dì.

N kò mọ̀. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ kí ó má bàa dà bí pé mo mọ̀.

Ọjọ́rú, 18 Oṣù Kẹsàn-án

Ọ̀la ni. Mo kó àwọn ìwé mi sínú àpò. Mo tún kó wọn jáde. Bàbá rí mi, ó ní bí mo bá ń lọ, kí n jí i, òun yóò gbé mi dé ibùdókọ̀. Ó ní bí n kò bá lọ, kí n jí i náà, pákó wà láti gé.

Ọjọ́bọ̀, 19 Oṣù Kẹsàn-án

Mo jí Bàbá. N kò sọ èyí tó jẹ́. Ó wo àpò mi, ó mú kọ́kọ́rọ́ alùpùpù.

Nínú ọkọ̀ mo ṣì ń rò ó. Ní ẹnu géètì kọ́lẹ́ẹ̀jì mo ṣì ń rò ó. Ìlà àwọn tó fẹ́ fi ìwé sílẹ̀ gùn jáde nínú ilé, ó yí igi ká, oòrùn sì ń pa wá lórí. Mo sọ fún ara mi pé dídúró sórí ìlà kì í ṣe ìpinnu, pé mo lè kúrò nígbàkígbà. Kí n má bàa wo iwájú, mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù mi lórí fóònù.

Ọmọbìnrin kan wà lẹ́yìn mi tí ìyá rẹ̀ ń fi bébà fẹ́. Ráwíyà lorúkọ rẹ̀, ìyá rẹ̀ ló ń pè é bẹ́ẹ̀ láìdákẹ́. Ó ti ń yọjú wo fóònù mi tipẹ́.

"Kí ni kọ́bọ́ọ̀dù ń ṣe níbẹ̀?" ó ní.

Mo ṣàlàyé fún un. Mo ní ó ń jẹ igi jù, mi ò mọ ibi tó ń gbé e lọ.

Ó gba fóònù, ó fi ìka fa ojú rẹ̀ wálẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ń mì kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ṣé ẹ̀yìn méjì ni kọ́bọ́ọ̀dù yín máa ń ní?"

"Ẹ̀yìn kan."

"O kà á lókè níbí. Nígbà tó o wá ń fi ilẹ̀kùn sí i, o tún kà á níbí."

Mo wò ó. Ibẹ̀ ni. Ó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ kẹjọ, mo ti ka ìlà náà débi pé mo mọ̀ ọ́n lórí.

"Báwo lo ṣe rí i?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n jù ẹ́ lọ o. Kò tíì sú ojú mi ni." Lẹ́yìn náà ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Èmi gan-an, láti ìgbà tí èsì jáde, mi ò ṣe ju kí n kí ayé lọ. Èdè mẹ́ta."

"Èmi márùn-ún."

"Ṣé ó dá ẹ lóhùn?"

"Rárá."

A rẹ́rìn-ín débi pé ìyá rẹ̀ dá bébà ìfẹ́ dúró. Ọkùnrin tó wà níwájú mi yíjú padà, ó ní kí la ń rín, a sọ fún un, òun náà ní òun ti kí ayé lẹ́ẹ̀mejì, bàbá òun sì ní kí òun wá iṣẹ́ ṣe.

Àwa èrò orí ìlà yìí, a kò mọ nǹkan kan. Fún gbogbo oṣù kẹjọ mo rò pé èmi nìkan ni. Bóyá àwọn olùkọ́ ibẹ̀ yóò fi bébà àti bíírò dà wá láàmú, bóyá ohun tí wọ́n máa kọ́ wa ti gbó. Ṣùgbọ́n èmi kò ní ojú kejì nílé. Nígbà tó kàn mí, obìnrin inú wíńdò na ọwọ́, mo kó ìwé mi fún un. Ó lù ú ní òǹtẹ̀. Mo ń retí kí ara mi balẹ̀, kò balẹ̀. Ẹ̀rù bà mí, mo sì lọ ra omi ìrèké mu.

Ọjọ́ Ẹtì, 20 Oṣù Kẹsàn-án

Bàbá ń súfèé díẹ̀díẹ̀. Ó ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni kí n máa wá gé pákó. Bọ̀ọ̀dá Hámdì ní òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Wáìlì rẹ́rìn-ín mi títí, ó jáde, ó sì padà wọlé pẹ̀lú pákẹ́ẹ̀tì bíírò. Ó ní, "Kọ̀ǹpútà tuntun ẹ rèé." Lẹ́yìn náà ó ní kí n má fi Páítọ̀nì sílẹ̀ nílé. N kò ní í fi í sílẹ̀. Kọ́bọ́ọ̀dù náà ti ní ẹ̀yìn kan. Bàbá fi ìka ka nǹkan lójú òfuurufú, ó ní, "Ó kù díẹ̀," èyí tí ó túmọ̀ sí pé ó pé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 28 Oṣù Kẹsàn-án

Òní ni ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní Mansúrà. Afẹ́fẹ́ ti tutù díẹ̀ láti ojú òkun. Ìdajì ẹ̀rù mi ṣì wà. N kò tíì mọ̀ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, n kò sì bi Nìsírín mọ́. Bóyá sójà yóò pè mí lọ́jọ́ kan, bóyá kò ní í pè mí. Bóyá ilé ni ì bá dára jù.

Màmá di búrẹ́dì àti wàràkàṣì sínú ọ̀rá fún mi. Nígbà tí mo ń wọ bàtà, ó dédé dúró, ó fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ ikùn rẹ̀.

"Wá. Mú ọwọ́ ẹ wá. Kíákíá."

Ojú tì mí, ṣùgbọ́n mo lọ. Ó tẹ àtẹ́lẹwọ́ mi mọ́ ibẹ̀. Kò sí nǹkan kan. N kò mọ ohun tí ó yẹ kí ènìyàn sọ fún ẹni tí kò tíì ní ahọ́n, ẹ̀kọ́ kìíní nìkan sì ni mo mọ̀ dáadáa láyé mi. Mo tẹ̀ sílẹ̀, mo sọ ọ́ sí aṣọ rẹ̀ wẹ́rẹ́: "Ẹ ǹlẹ́ o, ayé."

Ó ta ọwọ́ mi nípàá.